Òkè Pupa Bàbá Onífọ́tò

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí ẹnu mi sì mú ju ọjọ́ orí mi lọ, onífọ́tò kan ṣoṣo ló wà ní àdúgbò wa. Ẹ̀yin ọmọ òde òní tí ẹ máa ń ya oúnjẹ ní fọ́tò kí ẹ tó jẹ ẹ́, ẹ fetí sílẹ̀ o. Láyé ìgbà yẹn, ó lè tó ọdún mẹ́ta kí èèyàn tó ya fọ́tò ẹyọ kan. A óò wẹ̀, a óò para, a óò wọ aṣọ ọdún, a óò wá dúró gbagidi, ọwọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹsẹ̀ méjèèjì nílẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín. Fọ́tò tí ẹsẹ̀ ọmọ kò bá hàn níbẹ̀, àwọn ìyá wa kì í gbà á. Wọ́n á ní onífọ́tò ti gé ọmọ àwọn lẹ́sẹ̀.

Èèyàn jẹ́jẹ́ ni bàbá onífọ́tò yìí. Aṣọ funfun ni wọ́n máa ń ta sẹ́yìn ẹni tí wọ́n bá fẹ́ yà. Àmọ́ ní ọdún tí àwa fẹ́ jáde ìwé mẹ́fà, wọ́n fi ọ̀pọ̀ oṣù kun aṣọ ńlá kan ní ọ̀dà, kí ẹ̀yìn fọ́tò wa lè dára. Ara kàléńdà àtijọ́ kan ni wọ́n ti wo àwòrán náà. Òkè gíga ló wà níbẹ̀, ó pọ́n rúsúrúsú láti orí dé ìdí. Adágún omi kan wà lẹ́sẹ̀ òkè náà, ó dúdú kirikiri. Kò sí ẹni tó rí irú rẹ̀ rí nínú wa. Òkúta ni òkè tiwa, ewéko tútù ló yí i ká, omi tiwa bó bá sì dúdú, a jẹ́ pé aró ni.

Lọ́jọ́ fọ́tò, iwájú ni wọ́n to èmi sí. Bàbá fi aṣọ dúdú borí lẹ́yìn kámẹ́rà, wọ́n sì tún yọrí síta.

“Sún sọ́wọ́ òsì díẹ̀, ọmọ mi. O ń dí omi mi.”

“Omi wo, bàbá?” ni mo bá dáhùn. “Ṣé ìkòkò aró yìí lẹ ń pè lómi? Ta ló sì rí òkè tó pupa rí?”

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, àwọn tíṣà náà rẹ́rìn-ín. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, gbogbo àdúgbò ti ń pè wọ́n ní Bàbá Òkè Pupa. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Bàbá kò bínú sí mi. Ohun tí wọ́n sọ ò ju pé ọmọ tí kò bá dé oko baba ẹlòmíì rí, á ní kò sí oko tó tó ti baba òun. Wọ́n tú aṣọ náà sílẹ̀, wọ́n ká a, wọ́n ta aṣọ funfun àtijọ́, wọ́n sì yà wá. N kò fojú kan aṣọ náà mọ́.

Ìyá mi gbọ́, wọ́n ní kí n lọ kúnlẹ̀ bẹ bàbá. Mo dé ẹnu ọ̀nà wọn, mo rí wọn tí wọ́n jókòó ti àwọn agolo ọ̀dà wọn, tí wọn ò ṣe nǹkan kan. Ojú tì mí, mo yí padà. Mo sọ fún ìyá mi pé mo ti bẹ̀bẹ̀. Irọ́ ni mo pa.

Ó lé ní àádọ́ta ọdún lẹ́yìn ìyẹn kí ọ̀rọ̀ náà tó tún dìde. Dublin, ní ilẹ̀ Ireland, ni mo wà báyìí. Èmi àtàwọn ọmọ mi wá síbí wá tọrọ ààbò, mo sì nu ilẹ̀ pápákọ̀ òfuurufú títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ibi iṣẹ́, ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé wa ní Ballymun nìkan ni mo mọ̀. Mo gbà pé àwọn òyìnbó tó ń fi ọ̀pá rìn tí wọn ò sì ríṣẹ́ ṣe ló ń gun òkè. Àfi lọ́jọ́ kan tí ọmọ ọmọ mi obìnrin, tó fẹ́ràn kámẹ́rà ju oúnjẹ lọ, fi fọ́tò tó yà hàn mí. Òkè náà pọ́n rúsúrúsú. Omi tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ dúdú kirikiri. Àwòrán ara aṣọ bàbá ni mo rí yẹn.

“Ilẹ̀ ibo nìyí?”

“Wicklow, Grandma. It's only an hour away, like.”

Wákàtí kan péré! Òkè bàbá kò ju wákàtí kan lọ sí ilé mi látọjọ́ yìí, n kò mọ̀.

Ọmọ bàbá onífọ́tò, ọmọ kíláàsì mi ni, a sì jọ wà nínú ẹgbẹ́ wa lórí Wásáàpù. Mo béèrè bàbá lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní wọ́n ṣì wà, wọ́n ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, ṣùgbọ́n ojú wọn ti ń lọ. Ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ nìkan ni wọ́n fi ń rí nǹkan díẹ̀, dókítà sì ní kò ní pẹ́ tí ìyẹn náà fi máa tán. Aṣọ yẹn ńkọ́? Ó ní ó wà nínú àpótí, wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi nu nǹkan.

Ẹ̀yin ọmọ mi, n kò lè sùn dáadáa mọ́. Mo fẹ́ kí ojú bàbá rí òkè yẹn kó tó ṣú pátápátá. Mo lè fi fọ́tò ọmọ ọmọ mi ránṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n nílé wa, ẹni tó bá ṣẹ̀ ló ń fi orúnkún ara rẹ̀ bẹ̀bẹ̀. Dókítà tèmi sì ti ní kí n má wọ bàálù mọ́. Ọ̀nà kan ló kù: kí n lọ kúnlẹ̀ síwájú òkè náà, kí wọ́n yà mí.

Ọmọ ọmọ mi ń ṣiṣẹ́, Sátidé nìkan ló ráyè. A dúró de ìgbà ìwọ́wé, torí ìgbà yẹn ni òkè máa ń pọ́n. Nígbà tó tó àkókò, a gbọ́ pé ìjì tó máa gbọn ewé dànù ń bọ̀ lọ́jọ́ Sunday. Láàárọ̀ Sátidé tó ṣáájú rẹ̀ la gbéra. Ọmọ ọmọ mi ló wa mọ́tò; kò tíì pẹ́ tó gba láísẹ́ńsì, lẹ́tà N pupa tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ mọ́tò awakọ̀ tuntun ṣì wà níwájú àti lẹ́yìn. Gbogbo kọ́nà tí a bá dé ni mo fi ẹ̀jẹ̀ Jésù bò.

Adágún irú rẹ̀ kò jẹ́ ẹyọ kan ní Wicklow. Àkọ́kọ́ tí a dé, kùrukùru ti gbé e mì. Ẹ ò lè rí ọwọ́ ara yín. A dúró títí, a mu tíì inú fíláàsì tán, a tún lọ sí èkejì lókè Sally Gap, ibi tí ọ̀nà ti gba àárín àwọn òkè kọjá. Kùrukùru náà ló tún bò ó. Mo ń rò ó pé ìjì á dé lọ́la, ojú bàbá ò sì dúró de ẹnì kan.

“It'll be grand, Grandma,” lọmọ náà ń sọ, bí wọ́n ṣe ń sọ níbí pé kò sí wàhálà. Kí òjò máa rọ̀, grand ni. Kí ẹsẹ̀ máa ro mí, grand ni. Mo fẹ́ẹ̀ gbá a létí.

Afẹ́fẹ́ kan kàn fẹ́ ni. Kùrukùru náà ká kúrò nílẹ̀ bí ẹní, oòrùn sì là. Áà! Olúwa ṣe iṣẹ́ níbẹ̀ o. Ewéko kan tó jọ ọ̀mu etí odò ló gbẹ sára òkè náà látòkè délẹ̀, tó pọ́n, tó ń dán. Igi kéékèèké ń tàn yòò láàárín rẹ̀ bíi góòlù. Omi náà dúdú, ó sì dákẹ́, gbogbo òkè wà nínú rẹ̀ ní ìdoríkodò. Ọ̀dà tí bàbá kùn gan-an ni. Wọn kò fi kún un, wọn kò sì yọ kúrò. Mo sunkún bí ọmọdé.

Mo kúnlẹ̀ sínú koríko tútù. Obìnrin òyìnbó kan tó ń fa ajá lọ sáré wá.

“Are you all right, love? Did she fall?”

“She's grand,” lọmọ ọmọ mi dá a lóhùn láìgbé ojú kúrò lára kámẹ́rà. “She's just saying sorry to a man in Nigeria.”

Obìnrin náà wò mí, ó wo omi, ó ní, “Fair play to her,” ìyẹn ni pé mo ṣe é dáadáa, ó sì di ajá rẹ̀ mú kó má bàa gba iwájú mi kọjá.

Nírọ̀lẹ́ la fi fọ́tò náà ránṣẹ́, mo sì fi ohùn mi tẹ̀ lé e. Mo jẹ́wọ́ ẹnu tí mo fi ṣẹ̀ wọ́n àti irọ́ tí mo pa fún ìyá mi. Gbogbo ọjọ́ Sunday, ìjì ń pariwo lójú fèrèsé, n kò gbọ́ nǹkan kan. Láàárọ̀ Monday, ọmọ bàbá fi ohùn ránṣẹ́. Ó ti bá wọn gbé fóònù sínú oòrùn. Ohùn bàbá fúnra wọn ni mo gbọ́.

“Òkè mi nìyí,” ni bàbá wí. “Ta ló kúnlẹ̀ síbẹ̀ yẹn?”

Ọmọ wọn dárúkọ mi. Bàbá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àgbàlagbà tí ikọ́ máa ń dá lẹ́nu.

“Ní kó dìde, mo ti gbọ́. Ilẹ̀ ibẹ̀ á tutù. Kó sún sọ́wọ́ òsì díẹ̀. Ó ń dí omi mi.”

Ayé ti yí padà o. Fọ́tò tó lé ní igba lọmọ ọmọ mi yà lọ́jọ́ kan ṣoṣo, èyí tí kò wù ú, ó fi ìka kàn án, ó parẹ́. Lẹ́tà tí ì bá gba oṣù kan, kí tíì tó tutù ó ti délé. Mo yọ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ọmọ ọdún méjìlá sọ, kò sí ìka tó lè pa á rẹ́, orúnkún mi ló lọ bẹ̀bẹ̀ fún un.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, a padà lọ. Ìjì ti gbọn ewé igi dànù, ṣùgbọ́n òkè náà ṣì pọ́n. N kò kúnlẹ̀ mọ́. Mo dúró gbagidi, ọwọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹsẹ̀ méjèèjì hàn. Mo sì sún sọ́wọ́ òsì.