Nọ́mbà Ara Gíláàsì Pijó Bàbá Mi

Ilé bàbá mi ní Sángo kò jìnnà sí ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń yọ́ irin. Bí wọ́n bá ti dáná, èéfín á gba orí òrùlé wa kọjá, aṣọ tí mo sá á dúdú, n ó sì bú wọn títí ẹnu á fi máa ro mí. Ibẹ̀ gan-an ni àbúrò mi ọkùnrin fẹ́ ta ọkọ̀ Pijó bàbá wa sí.

Ọmọ bàbá kan náà ni èmi àti ẹ̀, ìyá wa yàtọ̀. Wọ́n ṣì ń pọ̀n ọ́n nígbà tí ìyá rẹ̀ gbé e kúrò nílé wa, Ìjòkó ló sì ń gbé báyìí. Èmi ni mo wà pẹ̀lú bàbá títí tí wọ́n fi kú. Èmi ni mo ń fọ Pijó yẹn látìgbà tí ọwọ́ mi ò tíì tó òkè rẹ̀. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ mi ní ọkọ̀ wíwà, tí wọ́n ń pariwo mọ́ mi pé, "Rọra tẹ kílọ́ọ̀ṣì, àbí o fẹ́ pa mí ni?" Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti dákẹ́ tipẹ́, ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn rẹ̀ ti dípẹtà, ṣùgbọ́n bí mo bá jókòó sínú rẹ̀, mo ṣì ń gbóòórùn bàbá mi. Ṣé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ là ń gbé fún àwọn oníirin kọ̀ńdẹ́ẹ̀mù?

Àbúrò mi ní kí la fẹ́ fi òkú ọkọ̀ ṣe. A fa ọ̀rọ̀ náà títí tó fi dé ọ̀dọ̀ olórí ẹbí wa ní Adó-Odò, àbúrò bàbá wa ni. Wọ́n gbọ́ tẹnu wa tán, wọ́n ní, "Ẹ lọ wá ìwé ọkọ̀ náà. Bó bá jẹ́ orúkọ bàbá yín ló wà níbẹ̀, gbogbo yín lẹ ni ín, ẹnì kan ò gbọdọ̀ dá a tà. Bó bá jẹ́ orúkọ ẹlòmíì, ẹni yẹn ló lọkọ̀. Bí ẹ ò bá rí ìwé títí di Sátidé, ẹ tà á, kẹ́ ẹ jẹ́ kí n sinmi."

Inú mi dùn. Orúkọ ta ni ì bá tún wà níbẹ̀ bí kò ṣe ti bàbá mi? Mo sọ fún àbúrò mi níbẹ̀ pé ẹni tó gbé adìyẹ òtòṣì, ti aláròyé ló gbé.

Àṣé ikán ti jẹ gbogbo ìwé inú àpótí bàbá. Nọ́mbà tó wà lára ọkọ̀ náà kì í sì í ṣe ti àkọ́kọ́, bàbá ti pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tí ìjọba gbé nọ́mbà tuntun dé, bẹ́ẹ̀ nọ́mbà àkọ́kọ́ nìkan ni wọ́n lè fi wá ìwé rẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba. Lọ́jọ́bọ̀, mo jókòó sínú Pijó, mò ń sunkún, mò ń ṣépè fún ikán. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Oòrùn tàn sí gíláàsì ẹ̀gbẹ́ mi, mo rí nọ́mbà tí wọ́n fín sí i lára. Nítorí olè ni wọ́n ṣe máa ń fín nọ́mbà ọkọ̀ sí gíláàsì láyé ìgbà yẹn. Mo tutọ́ sí etí ìró mi, mo fi nù ún, nọ́mbà àkọ́kọ́ hàn ketekete.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, mo ti wà ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀ ní Ọ̀tà. Obìnrin tí mo bá níbẹ̀ ní, "Mọ̀mí, inú sítọ̀ ni ìwé àtijọ́ yẹn wà, eruku á pa yín. Ẹ padà wá ní Mọ́ńdè."

"Kò ní pa mí! Ọ̀la ni wọ́n ń gbé ọkọ̀ lọ yọ́!"

Mo pariwo débi pé àwọn tó wà lórí ìlà bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi bẹ̀ ẹ́. Ó pòṣé, ó ṣílẹ̀kùn sítọ̀. Nọ́mbà ni wọ́n fi to àwọn ìwé náà. Òjò ti lẹ òmíràn mọ́ra wọn, bí a bá fà á, á ya. Nígbà tó yá, obìnrin náà ní, "Òun rèé." Ó ka àwọ̀ ọkọ̀, ó ka nọ́mbà tó wà lára irin rẹ̀, ó wá ka orúkọ.

Orúkọ àbúrò mi ni.

Mo ní kó tún un kà. Ó tún un kà, ó ní, "Ṣé ọmọ yín ni?"

Mo mọ ìdí tí wọ́n fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin tó bá fẹ́ ju ìyàwó kan lọ, á fi orúkọ ọmọ ra ọkọ̀, kí ẹbí má baà já a gbà bó bá kú. Ṣùgbọ́n èmi ti wà láyé nígbà náà! Mo ti ń lọ síléèwé! Bàbá mi fò mí dá, wọ́n mú ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Èmi tí mo bọ́ wọn, tí mo wẹ̀ wọ́n, èmi ńkọ́? Inú bí mi sí òkú lọ́jọ́ náà, Ọlọ́run má ṣàì dárí jì mí.

Wọ́n da ìwé náà kọ fún mi, wọ́n sì lù ú ní òǹtẹ̀. Nínú ọkọ̀ tó ń gbé mi padà sí Sángo ni mo ti fẹ́ fà á ya. Bí mo bá fà á ya, wọ́n á ta Pijó. Bí mo bá mú un jáde, ti àbúrò mi ni, á tà á. Ọ̀nà wo ni mo fẹ́ gbà tí kò ní dé inú iná?

Kí n tó délé, lọ́rí ti wà lẹ́nu géètì. Àbúrò mi ò dúró di Sátidé! Wọ́n ti fi ṣéènì kọ́ imú Pijó, wọ́n ti gbé iwájú rẹ̀ sókè. Mo sáré lọ dúró síwájú rẹ̀.

"Madam, abeg comot for road!" ni ọ̀kan nínú àwọn oníirin náà ń pariwo.

"Ẹ gbé e gba orí mi kọjá!"

Àbúrò mi jáde láti ẹ̀yìn lọ́rí. "Àǹtí, ṣé ẹ ti rí ìwé ni?"

Mo ti lanu láti sọ pé rárá. Ó wá ní, "Bàbá yín ò fún mi ní nǹkan kan rí. Ẹ jẹ́ kí n gba tèmi lára irin ẹ̀."

Bàbá yín. Ọ̀rọ̀ náà gún mi lọ́kàn. Mo yọ ìwé náà, mo jù ú mọ́ ọn láyà. "Gbà! Olówó ọkọ̀!"

Ó kà á. Ó dojú kọ ògiri, ó tún un kà. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Orúkọ tó wà láàárín yìí, ta ló ń jẹ́ ẹ?"

"Ìwọ ni. Oríkì rẹ ni. Bàbá ló sọ ọ́."

"Mi ò mọ̀ pé mo ní oríkì."

Ọkùnrin tó ti ń hu ewú nírùngbọ̀n! Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi pè mí." Mo ń jowú, mi ò fẹ́ pè é. Mo pè é. Ó jẹ́ mi lóhùn wẹ́rẹ́, bí ọmọdé tí wọ́n rán níṣẹ́.

Ó ní kí wọ́n tú ṣéènì. Wọ́n bú wa títí, wọ́n tú u, wọ́n lọ. Ó ṣílẹ̀kùn, ó jókòó síbi tí bàbá máa ń jókòó sí, ó sì ní kí n wá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun.

"Àǹtí mi, ṣé wọ́n máa ń dárúkọ mi?"

Láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti gbé e lọ, bàbá mi ò dárúkọ ọmọ náà létí mi rí, ì báà ṣe lẹ́ẹ̀kan.

Mo ní, "Ojoojúmọ́ ni."