Ọjọ́ tí Dádì Lọ Ya Fọ́tò Aṣálẹ̀

Bí mo bá ṣílẹ̀kùn mọ́tò mi nínú oòrùn ní ìlú Largo, ní Amẹ́ríkà, tí ooru inú rẹ̀ gbá mi lójú, aṣálẹ̀ tí èmi, Dádì àti Mọ́mì wọ bàálù lọ wò nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méje ni mo máa ń rántí.

Dádì nìkan ló gun òkè yanrìn lọ ya fọ́tò; èmi àti Mọ́mì dúró dè é nísàlẹ̀. Nígbà tó fẹ́ padà, ó kọ ẹ̀yìn sí wa, ó ń lọ sínú yanrìn tí kò lópin.

"Pè é!" Mọ́mì gbá mi léjìká. "Má dákẹ́!"

"Dádì, ibí la wà!" Mo pariwo títí ọ̀fun mi fi gbẹ.

Ó yí padà, ó ń tẹ̀ lé ohùn mi. Mi ò mọ̀ nígbà náà pé ojú rẹ̀ ti ń fọ́, pé kò rí wa dáadáa mọ́.

Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, "Ṣé ìwọ nìyí?" ló bi mí. Iwájú rẹ̀ gan-an ni mo dúró sí.