Àmì Pupa Lára Ògiri

Òórùn atalẹ̀ tó ń jó máa ń dá mi padà sí ọ̀sán kan ní Duncanville, ìlú òkè òkun tí à ń gbé nígbà náà. Màmá mi mú mi lọ kí aládùúgbò wa, ìyá àgbà kan tí wọ́n ti Ṣáínà wá tọ́jú ọmọ-ọmọ wọn. Wọ́n ń dáná lọ́wọ́ nígbà tí fọ́tò ilé wọn ní Ṣáínà wọlé sórí fóònù wọn. Ẹnìkan ti fi ọ̀dà pupa kọ àmì ńlá sára ògiri rẹ̀.

“Mọ́mì, ó mà rẹwà o!” ni mo wí.

“Pa ẹnu ẹ mọ́. Irú ẹ̀ wà lára ilé bàbá mi l'Ékòó rí.”

“Ilé yẹn dà báyìí?”

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé àmì ilé tí ìjọba fẹ́ wó ni. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ìyá àgbà di kọ́kọ́rọ́ ilé wọn tí wọ́n fi kọ́rùn mú. Atalẹ̀ ń jó, kò sì sẹ́ni tó pa iná.