Ìlẹ̀kẹ̀ Kan Tí Fúnmilọ́lá Fò

Láti ìgbà tí ìyá Fúnmilọ́lá ti ṣubú lulẹ̀ nínú àgbàlá wọn ní Abraham Adésànyà, ọkàn ọmọbìnrin náà kì í balẹ̀ tó bá ti rí ẹni tó ń sáré. Kò sóhun tó ṣe ìyá yẹn tẹ́lẹ̀ o. Òjò ló ṣú, ló bá sáré jáde láti ká aṣọ lórí okùn. Aṣọ ò tíì pé lọ́wọ́ rẹ̀ tó fi lọ sílẹ̀ gbì. Kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù, ó ti tán. Obìnrin tó bá aláta ṣàríyànjiyàn láàárọ̀ ọjọ́ yẹn náà, tó tún rẹ́rìn-ín!

Dókítà ní ọkàn rẹ̀ ló ṣàdédé daṣẹ́ sílẹ̀, pé irú àìsàn bẹ́ẹ̀ máa ń rìn nínú ẹbí, kí àwọn ọmọ méjèèjì wá ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ti Fúnmilọ́lá dáa. Ti Bọ̀sún, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ni wọ́n ti rí nǹkan.

"Nǹkan kékeré kan ló yí padà nínú purotéènì ọkàn rẹ̀," ni dókítà wí. "A ò rí irú ẹ̀ rí, a ò sì mọ̀ bóyá ó burú. Ẹ ṣáà jẹ́ kó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ ná, títí a ó fi mọ̀."

Kí Bọ̀sún fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ kẹ̀? Ọmọ tó jẹ́ pé tó bá sùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ń ta lábẹ́ aṣọ ìbora!

Ohun tó wá mú ọ̀rọ̀ náà le ni pé iṣẹ́ Fúnmilọ́lá gan-an nìyẹn. Inú yàrá rẹ̀ ló ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ fún àwọn kan ní Lẹ́kkí Phase 1 tí wọ́n ń wá oògùn tuntun. Purotéènì ló ń wò. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn bà yín lẹ́rù. Ẹ rò pé inú ẹ̀wà àti ẹyin nìkan ló wà, àbí? Ó kún inú ara tiwa náà, òun ló sì ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ibẹ̀. Ẹ fojú inú wo okùn ìlẹ̀kẹ̀ kan. Ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń pè ní ámáínò ásíìdì, oríṣiríṣi ni wọ́n, oríṣi kọ̀ọ̀kan ló sì ní orúkọ tirẹ̀. Tí ẹ bá wá ká okùn yẹn jọ sínú àtẹ́lẹwọ́ yín, ìlẹ̀kẹ̀ tó wà níbẹ̀rẹ̀ lè lọ fara kan èyí tó wà nítòsí ìparí. Ìfarakanra yìí ló ń di gbogbo rẹ̀ mú tí kò fi tú. Iṣẹ́ Fúnmilọ́lá ni kó yẹ àwòrán rẹ̀ wò fínnífínní, kó mọ ta ló ń fara kan ta. Ìlẹ̀kẹ̀ tó bá wà létí, tí kò kan ẹnì kankan, tí ìyẹn bá yí padà, wàhálà rẹ̀ kì í sábà pọ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó bá wà láàárín, tí àwọn yòókù fẹ̀yìn tì, háà! Tí ìyẹn bá yí padà, gbogbo okùn náà lè mì.

"Àǹtí mi, ẹ bá mi wò ó," Bọ̀sún bẹ̀ ẹ́. "Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n wò."

Ó bá a wò ó. Èsì àyẹ̀wò ní ìlẹ̀kẹ̀ kejìléláàádọ́rin ló yí padà. Fúnmilọ́lá lọ bá ìkejìléláàádọ́rin nínú àwòrán, ó bá a létí ìta gbangba, kò fara kan ẹnikẹ́ni. Orúkọ tí èsì náà pè é ló ń jẹ́ lóòótọ́. Ó mí kanlẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ẹ̀rù ti ń bà á, ohun tó sì fẹ́ rí ló rí yìí.

"Kò kan ẹnikẹ́ni," ó sọ fún Bọ̀sún. "Ó jọ pé kò léwu."

"Ṣé kí n máa gbá bọ́ọ̀lù mi lọ?"

"Máa gbá a. Màá fi ohun tí mo rí ránṣẹ́ sí dókítà lọ́jọ́ Ajé."

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, Bọ̀sún gbé bàtà bọ́ọ̀lù rẹ̀, ó gba etíkun Ikate lọ. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ figẹ̀ wọngẹ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ mìíràn níbẹ̀. Kò tíì pẹ́ tó lọ tí Ìyá Moyin, aládùúgbò wọn, fi já wọlé bí ìjì. Moyinolúwa ọmọ rẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, Fúnmilọ́lá ló sì ń bá wọn pe alága, ìyẹn ẹni tó máa gbé àga ìsọmọlórúkọ wá.

"Fúnmilọ́lá! Ta ló ní kí wọ́n gbé àga wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun?"

"Èmi ni, mà. Ẹ ní ọjọ́ kẹjọ. Ọjọ́ Ajé ni Moyin bímọ, mo kà á, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló bọ́ sí."

"Ibo lo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà?"

"Láti ọjọ́ kejì tó bí i."

Ìyá Moyin pàtẹ́wọ́, ó wo òkè bí ẹni ń wá ẹlẹ́rìí. "Ọjọ́ tí wọ́n bí i gan-an ńkọ́? Ṣé ìyẹn kì í ṣọjọ́ ni? Àbí inú afẹ́fẹ́ ni wọ́n bí ọmọ mi sí? Gbogbo ìwé tó o kà yìí, o wá fo ọjọ́ ìbí ọmọ ọlọ́mọ!"

Fúnmilọ́lá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ò délẹ̀ tó fi yíjú sí kọ̀ǹpútà rẹ̀.

Èyí àkọ́kọ́. Ṣé òun kà á?

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Nígbà tí ara bá ń sín àwọn okùn wọ̀nyí, ìlẹ̀kẹ̀ kan wà tó máa ń ṣíwájú. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, ara á gé e dànù tó bá yá. Ilé àyẹ̀wò máa ń ka ìlẹ̀kẹ̀ yẹn mọ́ ọn. Àwọn tó ya àwòrán tí Fúnmilọ́lá wò ò kà á, torí wọn ò bá a níbẹ̀ mọ́. Èyí tí ilé àyẹ̀wò ń pè ní ìkejìléláàádọ́rin, ìkọkànléláàádọ́rin ni nínú àwòrán. Fúnmilọ́lá mọ èyí bí ẹni mowó, ó ti bá àwọn ẹlòmíì tún un ṣe rí. Orúkọ ló tàn án jẹ. Ìlẹ̀kẹ̀ méjèèjì yẹn ń jẹ́ orúkọ kan náà, bíi Bàbá Ìbejì méjì tí ilé wọn lẹ̀ mọ́ra, tí àlejò ń kan ilẹ̀kùn ẹnì kejì.

Ó fi Ìyá Moyin sílẹ̀ lórí ìdúró. Ó sáré ṣí àwòrán náà. Ó tẹ ìkọkànléláàádọ́rin.

Àárín gbùngbùn ló wà. Àwọn yòókù fún mọ́ ọn níwájú, lẹ́yìn, lọ́tùn-ún, lósì, gbogbo wọn fẹ̀yìn tì í.

Ó pe Bọ̀sún, fóònù ń dún, kò gbé e. Ó pe Clement, ẹni tó ń kọ́ wọn ní bọ́ọ̀lù, òun náà ò gbé e. Ta ló ń gbé fóònù lórí pápá? Ó fi fóònù pe mọ́tò kan, ó sì bọ́ sínú rẹ̀ láìwé gèlè, láìmú báàgì.

"Àǹtí, ẹ fara balẹ̀, ọ̀nà ló dí," ni dẹ́rẹ́bà ń wí.

Ara wo ló fẹ́ balẹ̀? Aṣọ tó fọ́n ká sílẹ̀ nínú òjò lọ́jọ́sí ló ń rí. Gbogbo ìgbà tí mọ́tò bá dúró, á máa rí ẹsẹ̀ àbúrò rẹ̀ tó ń sáré lórí yanrìn. Òun ló ní kó máa sáré o. Ẹnu òun ni ọ̀rọ̀ ti jáde.

Nígbà tí wọ́n dé Ikate, ó bọ́ bàtà sọ́wọ́, ó fẹsẹ̀ fẹ. Bó ṣe yọ sétí òkun ló rí i: Bọ̀sún ń sá tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù létí pápá, Clement sì ń pariwo, "Sáré, Bọ̀sún! Sáré sí i!" Fúnmilọ́lá la ẹnu láti ké, ó sì tún pa á dé. Ẹ̀rù bà á pé tó bá gbọ́ orúkọ rẹ̀, yóò tẹra mọ́ eré. Ló bá wọ àárín pápá lọ.

"Rẹfirí tuntun ti dé o!" ni ẹnì kan ké. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín.

"Àǹtí mi, ẹ̀ ń dójú tì mí," Bọ̀sún wí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Jókòó."

"Ó ku díẹ̀ ká parí..."

Fúnmilọ́lá kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Ẹ̀rín dá lẹ́nu àwọn ọmọkùnrin yẹn.

"Kí lẹ̀ ń ṣe yìí? Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́!"

"Mo ṣì í kà, Bọ̀sún. Kì í ṣe èyí tó wà létí. Èyí tó wà láàárín ni."

Bọ̀sún wò ó títí. "Ó fara kan àwọn yòókù?"

"Gbogbo wọn ló fẹ̀yìn tì í."

Ó rọra jókòó sórí yanrìn. "Ṣé màá kú ni?"

"N ò mọ̀. Màá pe dókítà nísinsìnyí, oògùn wà fún àìsàn ọkàn, wọ́n á yẹ̀ ọ́ wò. Ṣùgbọ́n o ò gbọ́dọ̀ sáré mọ́, títí wọ́n á fi wò ọ́."

Bọ̀sún ń fi ìka fa ilà sínú yanrìn. "Lẹ́ẹ̀kan yẹn," ó wí, ohùn rẹ̀ ò jáde dáadáa, "àyà mi ṣe bákan. Ó ṣe bí ẹni pé ó fẹ́ dúró. Mo rò pé ó rẹ̀ mí ni."

Fúnmilọ́lá gbé fóònù sétí, ó ń pe dókítà. Bọ̀sún tú okùn bàtà rẹ̀, ó bọ́ ọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gbé e fún Clement tó ti wá dúró tì wọ́n.

Àfi bí òjò ṣe rọ́ dé láti ojú òkun, ó dúdú, kò tiẹ̀ kán sílẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Gbogbo èrò etíkun bú sáré. "Ẹ sáré!" ni wọ́n ń ké láti abẹ́ àtíbàbà. "Kí lẹ̀ ń wò? Ẹ sáré!" Bọ̀sún dìde, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sì ti gbéra fúnra rẹ̀.

Fúnmilọ́lá di ẹ̀wù rẹ̀ mú lẹ́yìn. "Jẹ́ kó pa wá."

Wọ́n ń rìn lọ nínú òjò náà díẹ̀díẹ̀. Àwọn tó wà lábẹ́ àtíbàbà ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Fúnmilọ́lá fi àtẹ́lẹwọ́ lé Bọ̀sún lẹ́yìn, ó ń gbọ́ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù, gbì, gbì, gbì, ẹ̀rù sì ń bà á láti gbé ọwọ́ náà kúrò.