Òdòdó Tó Bo Àgbò Lèmọ́mù

Òórùn bẹntiróò jẹnẹrétọ̀ àti òórùn àgbò ni Iléyá máa ń ní lábúlé wa. Bí méjèèjì bá ti pàdé nímú mi, ọdún tí òdòdó bo ẹran Lèmọ́mù ni í wá sọ́kàn mi, orúnkún mi á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí. Ìwọ náà mọ̀ pé ìwé mẹ́rin péré ni mo kà, àwọn ọmọdé sì ń pè mí ní Bàbá Àsọdùn, ṣùgbọ́n gbé ìyẹn tì ná, kí o gbọ́.

Orúnkún yìí ni kò jẹ́ kí n lè lọ kírun ní yídì Ṣakí lọ́dún náà. Àgbò tí mo so mọ́ ìdí máńgòrò tóbi débi pé ẹ̀ga méjì ti ń du ìwo rẹ̀ láti kọ́lé sí. Alùfáà abúlé wa, arúgbó tí kì í gba gbẹ̀rẹ́, ti kọ́ wa látọjọ́ pé bí Lèmọ́mù àgbà Ṣakí kò bá tíì pa tirẹ̀ ní yídì, ẹni tó bá fi ọ̀bẹ kan àgbò kàn pa ẹran jẹ ni, kò ṣe ọdún. Ìdí nìyẹn tí a fi máa ń pé jọ síwájú tẹlifíṣọ̀n ọ̀rẹ́ mi tó ní jẹnẹrétọ̀, tí a ó fojú ara wa rí ọ̀bẹ Lèmọ́mù bó ṣe ń lọ lọ́wọ́, kí kálukú tó gba ìdí àgbò rẹ̀ lọ. Lọ́dún yẹn, mo tẹjú mọ́ ọn ju ti ìgbàkigbà lọ, nítorí ọmọ mi àgbà ni wọ́n ní kó di ẹsẹ̀ àgbò Lèmọ́mù mú.

Mo rí i. Agbádá funfun tí mo yá a ló wọ̀. Wọ́n dá àgbò dùbúlẹ̀, ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, Lèmọ́mù gbé ọ̀bẹ. Ojú tẹlifíṣọ̀n bá yí padà lójijì. Òdòdó pupa kan yọ, ó gba gbogbo ojú rẹ̀, orin fèrè tí kò lọ́rọ̀ nínú sì bẹ̀rẹ̀.

Gbogbo àwa tó jókòó níbẹ̀ la dàgbà tó láti mọ irú orin bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a wà ní ọ̀dọ́, bó bá ti ṣẹ́ yọ lórí rédíò láìròtẹ́lẹ̀, sójà ti gbàjọba nìyẹn, ẹnì kan sì ti kú.

"Wọ́n ti ya wọ yídì," ni ọ̀rẹ́ mi wí.

"Àwọn wo?" ni mo bi í.

"Ṣé mo mọ̀ wọ́n ni? Àwọn tí kò fẹ́ ká rí àwọn ni."

Alùfáà ní, "Kí ẹnikẹ́ni má fi ọ̀bẹ kan nǹkan kan."

Kò sí nẹ́tíwọ̀kì lábúlé wa àfi lórí àpáta. Wọ́n fẹ́ rán ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá, mo ní ọmọ mi ni, èmi ni n ó gùn ún.

"Orúnkún wo lo fẹ́ fi gùn ún, Bàbá Àsọdùn?" ni ọ̀rẹ́ mi bi mí.

Mo ní kó yá mi ní tirẹ̀. Ohùn mi kò lè dé ìsàlẹ̀, nítorí náà a ṣe àdéhùn. Bí mo bá ju fìlà sókè, àlàáfíà ni, kí wọ́n pa ẹran. Bí mo bá jókòó, ó ti bàjẹ́, kí wọ́n tú àgbò sílẹ̀, kí wọ́n kó àwọn ọmọdé wọ igbó.

Àpáta náà gbóná bí agbada gàrí. Alángbá kan kọjá lára mi, ó dúró dè mí, ó sú u, ó bá tirẹ̀ lọ. Orúnkún mi ń bẹ̀ mí pé kí n jókòó díẹ̀, bẹ́ẹ̀ n kò gbọ́dọ̀ jókòó, torí gbogbo abúlé ló dúró nísàlẹ̀ nínú aṣọ funfun bí lékeléke, tọ̀bẹ tọ̀bẹ, tí wọ́n ń wò mí. Mo dé orí rẹ̀, mo pe ọmọ mi. Fóònù dún títí, kò gbé e. Mo tún pè, bákan náà ni. Ìgbà tó wá gbé e, ariwo èrò ni mo kọ́kọ́ gbọ́.

"Bàbá, ẹ kú ọdún. Ẹ dákun, ìfun ló wà lọ́wọ́ mi."

"Ìfun ta ni?"

"Ti àgbò ni, Bàbá. Ti ta ni ìbá tún jẹ́?"

Ayọ̀ yẹn ni orúnkún mi kò lè gbé. Kí n tó mọ̀, mo ti jókòó gbì. Igbe sọ nísàlẹ̀. Mo já fìlà lórí, mo jù ú sókè, afẹ́fẹ́ gbé e forí lé ọ̀nà Kìṣí, n kò sì rí i mọ́ títí dòní. Wọ́n ti tú àgbò, tèmi ló sì ṣíwájú àwọn yòókù wọ igbó. Ìgbà tí a fi lé gbogbo wọn bá, ìrun Alásàrí ti fẹ́ẹ̀ tó.

Ọmọ mi ló wá ṣàlàyé fún wa nígbà tó gbé ẹran wálé. Òṣìṣẹ́ ìjọba kan tí wọ́n fi ṣọ́ ohun tó ń jáde lórí tẹlifíṣọ̀n ló ní ọmọdé kò gbọ́dọ̀ rí ẹ̀jẹ̀, ló bá ní kí wọ́n fi òdòdó bò ó. Ọmọdé wo? Àwọn tó di okùn àgbò bàbá wọn mú láti àárọ̀, tí wọ́n ń dúró de ẹ̀dọ̀?

Mo ti rò ó títí. Ọ̀gá náà gbà pé ohun tí òun bá ti bò ti tán nìyẹn. Kò mọ̀ pé ọkàn ẹni tí wọ́n bo nǹkan mọ́ lójú kì í jókòó lásán, àwòrán tirẹ̀ ni yóò yà síbẹ̀, ọkàn arúgbó kì í sì í ya ohun tó dára. Ẹ̀jẹ̀ àgbò ló fẹ́ fi pamọ́ fún mi. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi ni mo rí nínú òdòdó rẹ̀, òun náà ni mo sì gbé gun àpáta.