Ẹ̀bẹ̀ Tí Bàbá Mi Bá Mi Bẹ̀

Ọ̀gá tí mò ń bá ṣiṣẹ́ ní Ọjà Àlàbá lé mi dànù, ó ní mo jí tẹlifíṣọ̀n. Mi ò jí nǹkan kan. Mo wá lọ bá agbẹjọ́rò obìnrin kan ní Òkókómáíkò. Bí mo ṣe ń rojọ́ ló ń mi orí, àfi ìgbà tí mo sọ pé bàbá mi ti lọ bẹ̀bẹ̀ láìsọ fún mi.

"Kí ni wọ́n sọ?"

Ohun tí gbogbo bàbá máa ń sọ ni. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú gbogbo òṣìṣẹ́, wọ́n ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ forí jì í, kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́."

Agbẹjọ́rò mí kanlẹ̀. "Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni ọ̀gá yín máa dì mú nílé ẹjọ́. Bàbá yín ti bá yín jẹ́wọ́ olè."

Inú ń bí mi títí mo fi dé ilé wọn ní Ìjánikin. Ta ló rán wọn níṣẹ́? Kí ni mo ṣe tí mi ò ní ṣe mọ́? Mo ti kó ọ̀rọ̀ sẹ́nu.

Mo bá wọn níwájú ilé, wọ́n ń fi òrí ra orúnkún tí wọ́n fi gbá sìmẹ́ǹtì lọ́jọ́ ẹ̀bẹ̀ náà.

"Ṣé ọ̀gá ẹ ti pè?"

"Kò tíì pè, sà."

Mo gba òrí lọ́wọ́ wọn, mo jókòó sílẹ̀, mo ń bá wọn ra á.