Ọjọ́ Tí Àna Mi Ti Alùpùpù Mi

Ọjọ́ Sátidé tó kẹ́yìn nínú oṣù kẹfà, ní aago méjì kọjá ogún ìṣẹ́jú lọ́sàn-án, ni bàbá àfẹ́sọ́nà mi fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí géètì ilé rẹ̀ ní Iléṣà, tó ní kí n gbé alùpùpù mi wọlé. Aago tó wà lára alùpùpù náà ni mo wò. N kò lè búra pé aago náà tọ̀nà, nítorí ọ̀pọ̀ nǹkan lára alùpùpù yẹn ni kò tọ̀nà.

Mo ti rà á ní nǹkan bí oṣù kan ṣáájú, lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ẹ̀sà-Òkè. Kì í ṣe irú èyí tí àwọn ọlọ́kadà fi ń kó èrò. Irú èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní páwà-báìkì ni: ó tẹ orí síwájú bí àkùkọ tó fẹ́ jà, ara rẹ̀ pupa, ohùn rẹ̀ sì ń mú kí àwọn ọmọdé sá jáde wá wòran. Owó tí ọmọ náà pè é kéré débi pé ó yẹ kí ẹ̀rù bà mí. Mo yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, tàbí mo rò bẹ́ẹ̀. Mo wo táyà, mo wo ṣéènì, mo bẹ̀rẹ̀ wò ó bóyá ọ́ìlì ń jò. Nǹkan méjì ni mo rí tí n kò bèèrè. Orí òkè ni ó gbé e sí, ó kọ ojú rẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì ti ń ṣiṣẹ́ kí n tó dé. Kò pa á títí a fi parí ọ̀rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa gùn ún lọ bẹ́ẹ̀," ló wí. "Ẹ má pa á títí ẹ ó fi dé Òṣogbo. Ó fẹ́ràn kó ṣáà máa lọ ni."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo sọ fún ara mi pé ó fẹ́ kí n gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì náà nígbà tó bá ti gbóná dáadáa. Àlàyé tó mọ́gbọ́n dání ni. Mo ti wá ṣàkíyèsí pé bí nǹkan bá ti wọ̀ mí lójú, àlàyé tó mọ́gbọ́n dání kì í wọ́n mi.

Nígbà tí mo délé ní Òkè Baálẹ̀ ní Òṣogbo, mo pa á. Kò jí mọ́. Mo tẹ bọ́tìnnì sítáátà, ó ṣe "tíkí", ó dákẹ́. Kò sì ní ibi tí a lè fẹsẹ̀ tẹ̀ bíi ti ọ̀kadà. Mẹkáníìkì ní sítáátà náà ti kú, pé a ó ní láti dúró kí wọ́n bá wa wá òmíràn láti Èkó. Ní gbogbo àsìkò tí a fi ń dúró, mo kọ́ bí a ti ń bá a gbé. Ojú ọ̀nà ilé mi jẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, nítorí náà ní òwúrọ̀, màá jẹ́ kó máa yí lọ sísàlẹ̀, màá fi jíà sí i, ẹ́ńjìnnì á sì gbaná. Àwọn ará àdúgbò rò pé fáàrí ni. Nígbà tó yá, èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà bẹ́ẹ̀.

Bàbá àfẹ́sọ́nà mi jẹ́ oníṣòwò aṣọ, bí bàbá rẹ̀ ti jẹ́ ṣáájú rẹ̀. Ó fẹ́ rí èmi nìkan kí àwọn òbí mi tó wá ṣe mọ̀mínmọ̀ọ́. Bí mo bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò ránṣẹ́ pè wọ́n. Bí n kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, kò ní ránṣẹ́, ọ̀rọ̀ sì parí nìyẹn.

"Wọ mọ́tò wá," ni àfẹ́sọ́nà mi sọ fún mi. "Bàbá mi ò fẹ́ràn ariwo."

N kò wọ mọ́tò. Mo fẹ́ kí bàbá náà rí i pé mo ní nǹkan. Mo sì ti rò ó dáadáa: Iléṣà kún fún òkè, màá gbé alùpùpù náà sórí òkè tó wà lókè ilé wọn, màá sì fẹsẹ̀ rìn sọ̀kalẹ̀.

Bàbá ti dúró ní géètì kí n tó rìn dé ìdajì ọ̀nà.

"Ṣé o fẹ́ kí wọ́n ní àlejò mi gbé nǹkan rẹ̀ jù sí títì ni? Lọ gbé e wá ulé." Ulé ni àwọn Ìjẹ̀ṣà ń pe ilé.

"Ibẹ̀ dára, sà."

"Ibẹ̀ ò dára."

Ọ̀rọ̀ méjì ló wà lẹ́nu mi: òótọ́, tàbí "ẹ ṣé, sà." Mo ní ẹ ṣé, sà. Mo jẹ́ kí alùpùpù náà yí sọ̀kalẹ̀, ẹ́ńjìnnì gbaná, ó pariwo wọ àgbàlá. Àgbàlá náà rẹlẹ̀ ju títì lọ bí ìdí abọ́. Òjò òru àná sì ti rẹ ilẹ̀ pupa ibẹ̀. Mo pa á. Mo dọ̀bálẹ̀.

Wọ́n fún mi ní iyán. Bàbá bi mí nípa iṣẹ́ mi, nípa àwọn òbí mi, nípa ìdí tí n kì í fi í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo fèsì ní ṣókí, ó dà bí ẹni pé ìyẹn tẹ́ ẹ lọ́rùn. Nígbà tí mo dìde, ó ní, "Kí bàbá rẹ fún mi. Wọn yóò gbúròó mi."

Ká ní wọ́n dágbére fún mi nínú pálọ̀ ni! Ṣùgbọ́n wọ́n sìn mí jáde bí a ti ń sin àlejò: bàbá, ìyá, àfẹ́sọ́nà mi, àti ìyá kan láti ilé kejì tó wá wòran. Mo dé aṣíborí. Mo tẹ bọ́tìnnì.

Tíkí.

"Kí ló ṣe é?" ni ìyá bèèrè.

"Ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà míì, mà."

Àfẹ́sọ́nà mi wolẹ̀. Ìyá ilé kejì pàtẹ́wọ́. "Ẹṣin ọkọ ìyàwó ti sùn! Àbí òun náà jẹ nínú iyán yẹn ni?"

Mo gbìyànjú láti dá tì í láti inú àgbàlá gòkè lọ sí géètì. Táyà ń yọ̀ nínú ẹrẹ̀. Mo gbọ́ tí bàbá sọ fún àfẹ́sọ́nà mi lẹ́yìn mi pé, "Gba fìlà mi."

"Rárá o, sà! Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má ṣe é!"

Ó ti fọwọ́ kan ìjókòó ẹ̀yìn. Bùbá àti ṣòkòtò funfun ló wọ̀. Ìyá di alùpùpù náà mú lápá kejì. A tì í dé ojú títì, níwájú géètì níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú. Bàbá mí kanlẹ̀, ó ní, "Gun orí ẹ̀. Àwa á tì ọ́."

Àna kì í ṣe ẹni tí a ń rán níṣẹ́. Nílé wa, ọmọ kékeré ilé àna pàápàá, a máa ń dọ̀bálẹ̀ kí i. Láyé ìgbà tí bàbá mi ń fẹ́ ìyá mi, ó kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ, wọ́n lọ bá àna rẹ̀ ro oko, ọ̀wẹ̀ àna; ó ṣì ń fi yangàn títí dòní. Èmi jókòó sórí alùpùpù pupa, ẹni tí mo wá tọrọ ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ sì ń tì mí láti ẹ̀yìn.

"Àna ló ń ṣọ̀wẹ̀ fún ọkọ ọmọ!" ni ìyá ilé kejì ń kígbe. "Ojú mi mà rí nǹkan lónìí o!"

Ẹ́ńjìnnì gbaná. Mo gbọ́ bí ẹrẹ̀ ti ń ta sẹ́yìn. Mo sì mọ̀ pé bí mo bá dúró, bí mo bá sọ̀kalẹ̀ láti dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́, ó lè kú, wọn yóò sì tún tì í. N kò sọ̀kalẹ̀. Mo kígbe "ẹ ṣé, sà" nínú aṣíborí. N kò mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ. Mo lọ.

Mo rò ó títí mo fi dé Òṣogbo. Bí mo bá dúró, ìtìjú ni. Bí n kò bá dúró, ìtìjú ni. Ìyẹn jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n àlàyé mìíràn tó mọ́gbọ́n dání náà ni. Ní géètì, nígbà tó ní kí n gbé e wọlé, gbólóhùn kan péré, "Sítáátà rẹ̀ ti bàjẹ́, sà," ì bá ti parí gbogbo rẹ̀. Mo fẹ́ kí ó rí nǹkan tí mo ní. Ó rí i.

Àfẹ́sọ́nà mi sọ fún mi lórí fóònù pé bàbá òun kò tíì sọ nǹkan kan, kò sọ rere, kò sọ búburú. Ó ní ẹrẹ̀ náà kò tíì tán lára bùbá. N kò fojú rí ìyẹn.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, mo wọ mọ́tò lọ sí Iléṣà láti lọ ṣe ìdọ̀bálẹ̀ tí n kò ṣe nígbà yẹn. Ìyá ló wà ní ìloro. Mo nà gbalaja síwájú wọn.

"Dìde, ọmọ mi," ni wọ́n wí. Wọ́n wo ẹ̀yìn mi. "Òun ńkọ́?"

"Mo wọ mọ́tò, mà. Mo wá dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá ni. Mo wá tọrọ àforíjì."

"Bàbá ń sùn."

Rédíò ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá tó wà lẹ́yìn wọn. Kò sẹ́lòmíràn nílé lọ́jọ́ náà, nítorí àfẹ́sọ́nà mi wà níbi iṣẹ́. Mo gbóhùn sókè díẹ̀, mo ní, "Ẹ bá mi sọ fún wọn, mà, pé mo wá."

Ẹnì kan dín ohùn rédíò náà kù. Ìyẹn ni mo fi etí ara mi gbọ́.